Àgbá Ọtí Kan, Ẹ̀rọ Àtijọ́ Méjì: Bí Àwọn Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Gba Ẹ̀rọ Olóoru Lọ́wọ́ Olówò Kóńdẹ̀mù

Ní ọdún 1950, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Arthur Napper, ará abúlé Appleford ní agbègbè Berkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Miles Chetwynd-Stapylton, níjà. Ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ́ tàbí ti ilé ẹjọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀rọ oko àtijọ́ kan, irú èyí tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn. Napper ní kí àwọn fi ẹ̀rọ méjèèjì sáré lórí pápá, kí ẹni tó bá borí gba àgbá ọtí kan. Àgbá náà kì í ṣe kékeré, nítorí ọtí tó ń gbà tó nǹkan bí lítà 41. Ẹ̀rọ Napper, tí ilé-iṣẹ́ Marshall ṣe ní 1902, ń jẹ́ "Old Timer". Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Aveling & Porter ṣe, ń jẹ́ "Ladygrove". Napper ló borí.

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n "sáré" kò gbọdọ̀ rò pé eré àsápajúdé ni. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, ọmọdé tó bá sì ń sáré díẹ̀díẹ̀ lè bá a rìn pọ̀. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá náà kọjá eré ọtí. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti di ẹgbẹ́ kan tó kárí orílẹ̀-èdè. Láti inú ẹgbẹ́ náà àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ tí à bá ti yọ́ di irin lásán ti rí ìgbàlà. Ìtàn náà yẹ ní títẹ́tí sí, nítorí kì í ṣe ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe yunifásítì, kì í sì í ṣe ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì abúlé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ olóoru jẹ́. Iná èédú ń jó nínú ààrò kan. Omi tó yí ààrò náà ká nínú ìkòkò irin ńlá, tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà, ń hó. Ooru omi náà kò rí ibi gbà jáde àyàfi ojú ọ̀nà kan tí wọ́n là fún un, ibẹ̀ ló sì ti ń ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn. Ọ̀pá yìí ló ń yí àgbá irin ràbàtà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá fi bẹ́líìtì gígùn kọ́ àgbá irin yìí, agbára rẹ̀ á dé ara ẹ̀rọ mìíràn: èyí tó ń pa ọkà, èyí tó ń la pákó, tàbí èyí tó ń fọ́ òkúta.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú ẹ̀rọ yìí ti wà lóko, ṣùgbọ́n kò lè gbé ara rẹ̀. Ẹṣin ló ń wọ́ ọ láti oko kan sí èkejì. Thomas Aveling, àgbẹ̀ tó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ nílùú Rochester, kà á sí ìtìjú pé kí ẹṣin mẹ́fà máa wọ́ ohun tó lágbára ju gbogbo wọn lọ. Ní 1859, ó gba ẹ̀rọ kan tí ilé-iṣẹ́ Clayton & Shuttleworth ṣe, ó fi ṣéènì so agbára rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é ní baba katakata olóoru.

Ní ọdún kan ṣáájú èyí, John Fowler, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ sílùú Leeds nígbà tó yá, ti gba ẹ̀bùn 500 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ńlá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà nítorí ọgbọ́n tó fi ooru omi túlẹ̀. Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀ nígbà tó gbó tán. Ẹ̀rọ olóoru wúwo jù láti rìn lórí ilẹ̀ oko tó rọ̀, torí yóò rì, yóò sì tẹ ilẹ̀ náà pa. Nítorí náà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kan sí ìpẹ̀kun oko níhìn-ín, òmíràn sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Okùn onírin tí wọ́n ká sí abẹ́ ẹ̀rọ méjèèjì á máa fa ohun ìtúlẹ̀ lọ, á máa fà á bọ̀. Ẹ̀rọ kò wọ inú oko rárá, síbẹ̀ oko ti di títú.

Àgbẹ̀ tó lágbára láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn alágbàṣe ló ń rà á, wọ́n á sì máa gbé e káàkiri. Bí ìkórè àlìkámà bá ti parí, alágbàṣe á kó ẹ̀rọ olóoru rẹ̀, ẹ̀rọ ìpakà àti ilé onítáyà kékeré tí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sùn sí, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà bí ìrìn-àjò egúngún, wọ́n á ti oko kan bọ́ sí òmíràn títí ìgbà òtútù yóò fi parí. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé oko kan, gbogbo ará àdúgbò ló ń jáde. Àwọn kan á máa ju ìtí ọkà sókè, àwọn kan á máa di àpò, àwọn obìnrin ilé á sì máa se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ọ̀wẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n irin ni olórí òṣìṣẹ́.

Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ojúure sí ẹ̀rọ náà. Òfin 1865 pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ yára ju máìlì 4 lọ láàárín wákàtí kan ní ìgbèríko, tàbí máìlì 2 láàárín ìlú. Ènìyàn mẹ́ta ní ó kéré tán ló gbọdọ̀ máa bójú tó o, ọ̀kan nínú wọn á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn ní yáàdì 60 níwájú pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Nígbà tí òfin 1896 wá tú ọkọ̀ sílẹ̀ lómìnira, ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ló tú sílẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bọ́ lọ́wọ́ ìdè, ẹ̀rọ ńlá tó ti ń jìyà tipẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó pa á kẹ́yìn kì í ṣe òfin. Iná ẹ̀rọ olóoru gbọdọ̀ ti jó fún wákàtí mélòó kan kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan, nígbà tó jẹ́ pé katakata elépo yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní 1917, katakata Fordson jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ àtayébáyé bẹ̀rẹ̀ sí í wó: Burrell nílùú Thetford ti ilẹ̀kùn ní 1928, Garrett nílùú Leiston kógbá sílé ní 1932. Owó orí tí ìjọba bù lé ọkọ̀ wúwo ní ìgbà náà dá kún un. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní 1946, katakata kékeré aláwọ̀ eérú ti Harry Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Coventry. Ní 1956, iye tí wọ́n ṣe ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ẹ̀rọ tó ń kórè tó sì ń pakà lẹ́ẹ̀kan náà tún tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tó kù fún alágbàṣe ìpakà láti ṣe mọ́.

Báyìí ni àwọn ẹ̀rọ tó ti bọ́ ìlú fún ọgọ́rin ọdún ṣe di ohun tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn abà. Igi hù láàárín ẹsẹ̀ wọn, adìyẹ ń yé sínú ààrò wọn, wọ́n sì ń dípẹtà. Olówò kóńdẹ̀mù ló kù tó ń bèèrè wọn, ìwọ̀n irin ló sì fi ń díye lé wọn. Ẹni tó wa ẹ̀rọ kan fún ogójì ọdún lè dúró lẹ́nu ọ̀nà oko kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń fi iná gé e sí wẹ́wẹ́.

Àwọn kan ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Ní 1937, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ náà dá Road Locomotive Society sílẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ni ẹgbẹ́ yìí gbájú mọ́ jù: wọ́n ń kọ ìtàn sílẹ̀, wọ́n sì ń kó ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kú jọ. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ lónìí ì bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n ìwé lè pa ìtàn ẹ̀rọ mọ́ láìgba ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ là. Ẹ̀rọ nílò ẹni tí yóò rà á, tí yóò dáná sí i, tí yóò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó tún rìn.

Àfo yìí ni eré Appleford dí. Ìròyìn rẹ̀ tàn kálẹ̀, àwọn mìíràn tó ní ẹ̀rọ lẹ́yìn abà ní ìgbèríko sì gbọ́ pé àwọn kò dá nìkan wà. Napper tún pe àpéjọ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀rọ tó wá ń pọ̀ sí i, òǹwòran ń ya wá. Bí ènìyàn bá ti ń pọ̀ níbi tí iná àti ooru omi bá wà, a gbọdọ̀ ní ìlànà. Ta ni yóò yẹ bọ́ílà wò? Ta ni yóò san gbèsè bí ẹnikẹ́ni bá farapa? Báwo ni òǹwòran ṣe gbọdọ̀ jìnnà tó? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ló ń di ẹgbẹ́. Ní 1954 ni wọ́n dá National Traction Engine Club sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ yí padà nígbà tó yá sí National Traction Engine Trust. Títí di òní, òun ló ń fi ìlànà ààbò lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ náà.

Ọdún 1954 yìí kan náà ni ètò ìpín oúnjẹ tí ogun mú wá parí ní Bìrìtìkó. Àwọn ènìyàn ti fi ọdún mẹ́rìnlá gbé pẹ̀lú káàdì ìpín, gbogbo ohun tí wọ́n sì ń gbọ́ ni pé tuntun ló dára, kí ti àtijọ́ kúrò lọ́nà. Àríyá orí pápá tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí bàbá àgbà lè fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ kí ó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé "irú èyí ni mo wà," fún wọn ní ohun tí sinimá kò lè fún wọn. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kéékèèké ti hù káàkiri ìgbèríko. Ní 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tó wá di gbajúmọ̀ jù ní agbègbè Dorset, tí wọ́n ń pè ní Great Dorset Steam Fair. Ọgbọ́n tó mú un yàtọ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn dúró kí àwọn ènìyàn máa wò ó. Wọ́n fún un níṣẹ́. Àwọn kan ń túlẹ̀ pẹ̀lú okùn onírin, àwọn kan ń pakà, àwọn kan ń la gẹdú, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ń tẹ títì tuntun, bí alẹ́ bá sì lẹ́, àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ibi àríyá á tan iná mànàmáná wọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó dúró gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe yàtọ̀ sí ère onílù.

Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítorí pé ó rọrùn. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ rìn láago mẹ́wàá gbọdọ̀ ti wà nídìí ààrò ní ìdájí, kí ó gbá eérú àná, kí ó dáná, kí ó máa fi epo sí oríkèé irin kọ̀ọ̀kan bí omi ṣe ń gbóná. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Àtúnṣe ló le jù. Fred Dibnah, ará ìlú Bolton, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígun ọ̀pá èéfín gíga láti tún wọn ṣe, tí tẹlifíṣọ̀n BBC sì sọ di ìlúmọ̀ọ́ká, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀nà kan tó ń pè ní "Betsy". Ó tún gba òkú ẹ̀rọ mìíràn, èyí tó fi ọdún 27 tún ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nígbà tó kú ní 2004, ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi wọ́ pósí rẹ̀ la ìgboro ìlú rẹ̀ kọjá.

Ewu sì wà nínú rẹ̀ tí ìfẹ́ kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Omi inú bọ́ílà gbọdọ̀ bo orí ààrò nígbà gbogbo. Bí ó bá lọ sílẹ̀, irin orí ààrò á pọ́n, á rọ̀, á sì ya. Ìdí nìyí tí gíláàsì kan fi wà lójú awakọ̀ láti fi ìwọ̀n omi hàn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọ́n fi òjé dí ihò kan sórí ààrò, pé bí omi bá gbẹ, kí òjé yọ́, kí ooru sì tú sórí iná láti kìlọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2001, lórí pápá ìpàtẹ Medina ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ Case àtijọ́ kan bú gbàmù nítorí pé omi rẹ̀ lọ sílẹ̀, irin bọ́ílà rẹ̀ sì ti jẹ. Ènìyàn 5 kú, ọ̀pọ̀ farapa. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ Ohio ṣe òfin àyẹ̀wò fún bọ́ílà àtijọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayẹ̀bọ́ílàwò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dọọdún kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó gbà á. Àwọn tó ń ráhùn pé àyẹ̀wò ti pọ̀ jù kì í sábà dárúkọ Medina.

Lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà níye kóńdẹ̀mù ní 1950 ti di ohun tí olówó ń ra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn bí ó bá jẹ́ èyí tó lẹ́wà jù. Ọmọ mẹkáníìkì abúlé, irú àwọn tó gbà á là, kò lè rà á mọ́. Èédú náà ń wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n pa ibi ìwakùsà èédú Ffos-y-fran ní Wales tì. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ mànàmáná tó kẹ́yìn tó ń lo èédú ní Bìrìtìkó kógbá sílé. Orílẹ̀-èdè tí èédú sọ di ọlọ́lá wá ń ti òkè òkun kó èédú wọlé fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀, àwọn kan sì ń dán àpòpọ̀ èédú àti èkùrọ́ ólífì wò. Ìpàtẹ Dorset fúnra rẹ̀ wáyé ní 2022, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ti 2023 nítorí owó tí ètò rẹ̀ ń gbà. Àwọn tó ń ṣàníyàn nípa ojú ọjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí èéfín fi gbọdọ̀ máa jáde nítorí ìgbádùn. Àwọn ẹgbẹ́ náà dáhùn pé èédú tí àwọn ń jó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mànàmáná, àti pé ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ bá kú pátápátá yóò kú pẹ̀lú ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n wà. Ẹjọ́ méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣòro tó ga jù kì í tiẹ̀ ṣe èédú, bí kò ṣe ọjọ́ orí. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ alágbàṣe ìpakà gidi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé. Nítorí èyí ni National Traction Engine Trust fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pè ní Steam Apprentice Club. Níbẹ̀, ọmọdé tó bá fẹ́ràn ẹ̀rọ, yálà bàbá rẹ̀ ní ọ̀kan tàbí kò ní, lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń nu irin, bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń wo omi, kí ó tó wá kan ọwọ́ ìdarí. Ọgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ láti ayébáyé náà ni: ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fẹ́ ẹwìrì kí ó tó gbá òòlù mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé wa. Ẹ̀rọ olóoru láti Bìrìtìkó ló fa ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Legacy 1995 sọ Jaekel House, ilé ọ̀gá rélùwéè àtijọ́ ní Ẹ̀bùtè Mẹ́ta, di ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí Napper ṣe lórí pápá rẹ̀ ni àwọn náà ṣe: wọn kò dúró de ìgbà tí aláṣẹ yóò rántí. Ṣùgbọ́n iye irin àtijọ́ tó ti bá kẹ̀kẹ́ ẹrù olówò kóńdẹ̀mù lọ nílẹ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni gbà padà lọ.

Ní Appleford, ọtí inú àgbá ti tán láti ọdún 1950. Ohun tó ṣẹ́kù ni iná kan tí àwọn ènìyàn pinnu pé kò gbọdọ̀ kú, bí wọ́n sì ṣe ń fi í lé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò ó bóyá ẹni tó kàn ti mọ bí omi ṣe yẹ kó ga tó nínú gíláàsì.